Òórùn Inú Ẹ̀wù Kákí

Ọdún kẹta tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ lọ́fínńdà pípò lọ́dọ̀ Ìyá Fàthíà ni ọkọ rẹ̀ kú. Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Iléyá, wọ́n sì sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ẹnì kan sọ pé ó ṣì di rọ́bà tí ó fi ń bomi rin òdòdó mú nígbà tí ó ṣubú, ṣùgbọ́n èmi kò sí níbẹ̀, n kò sì lè fi ẹnu mi jẹ́rìí sí i. Ohun tí dókítà sọ ni mo mọ̀ dájú: ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ọláyíwọlá ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìgàndò ni ó ti ń ta òdòdó àti igi kéékèèké tí a gbìn sínú ọ̀rá dúdú: ọ̀pẹ òyìnbó, ọsàn wẹ́wẹ́, ewúro, àti efinrin tí àwọn obìnrin máa ń rà lọ gbìn sí ẹ̀yìnkùlé. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà nínú ilẹ̀ tútù. Bí ó bá ti ń ti géètì ilé wọn ní Ẹgàn, òórùn rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ wọlé: ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí, àti ewé tí a fi àtàǹpàkò rún. Ìyàwó rẹ̀ á sáré pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ má tíì wẹ̀, Bàbá Fàthíà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi imú kọ́ṣẹ́ lára yín.”

“Ìwọ tí ò ń ta òórùn fún gbogbo Ìkòtún, ọ̀fẹ́ lo fẹ́ máa gbà nílé?”

“Ọ̀fẹ́ kọ́ jàre. Ẹ̀bà yín ti wà lórí tábìlì.”

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń ṣe. Fàthíà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wọ ilé ọkọ ní Àgbàdo. Àwọn méjèèjì, àti èmi Tòún tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ni a jọ wà nínú ilé.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà ní Ìkòtún. Lọ́fínńdà òróró ni a máa ń pò níbẹ̀, èyí tí a máa ń fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán sínú ìgò ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn oníbàárà fi mọ ọ̀gá mi jù lọ ni bí ó ṣe máa ń so òórùn ilẹ̀ pọ̀ mọ́ òórùn ewé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sún mọ́ ọn, nítorí pé ó máa ń tètè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Mo fi ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ nígbà tí ó ku ọdún kan kí n parí, nítorí náà n kì í gbẹ́kẹ̀ lé orí mi. Ìwé ni mo máa ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí, bí ó ṣe sọ ọ́: ewé ni ó máa ń kọ́kọ́ dé imú, òun náà ni ó sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ilẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jókòó, ó lè di ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó dìde. Bí a bá po ewé nìkan, a ó rò pé ọbẹ̀ ni. Bí a bá po ilẹ̀ nìkan, yóò dà bí yàrá tí wọn kò ṣí fèrèsé rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ìdí nìyí tí a fi ń so wọ́n pọ̀, kí ilẹ̀ lè di ewé mú, kí ewé sì jẹ́ kí ilẹ̀ mí.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, gbogbo èyí dúró. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, Èkìtì ni àwọn òbí mi ti wá. Ohun tí mo bá sọ nípa òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní opó yóò jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, òṣùpá ni wọ́n sì fi ń ka oṣù náà. Kò gbọdọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́, kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò sì gbọdọ̀ lo lọ́fínńdà. Fún obìnrin mìíràn, èyí lè má fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Fún ẹni tí ó ti ń fi imú jẹun láti ogún ọdún, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí ó di ojú rẹ̀ kí ó sì máa rìn. Ṣùgbọ́n kò jiyàn rárá. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, a kó gbogbo ìgò tí ó wà nílé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Fàthíà obìnrin, Àlájà Mardiyah, kó wá láti Ipájà kí ó lè wà pẹ̀lú ìyàwó àbúrò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe opó rí, ó sì parí rẹ̀ láìsí àléébù. Ó so kàlẹ́ńdà mọ́sálásí mọ́ ara ògiri pálọ̀, ó ń fi bírò pupa fagi lé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá dé láti Ìkòtún ní ìrọ̀lẹ́, n kò gbọdọ̀ gba pálọ̀ kọjá. Ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni n ó kọ́kọ́ lọ, n ó fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ̀, n ó pààrọ̀ aṣọ, kí òórùn ṣọ́ọ̀bù má baà bá mi wọlé. Àlájà á ti dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

“Ọmọ Èkìtì, sún mọ́bí. Na ọwọ́.”

N ó na ọwọ́. Á gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ìka títí dé ìgúnpá.

“Hẹn. Ọṣẹ lásán ni. Ò ń rùn díẹ̀ bí ewúrẹ́ tí òjò pa, àmọ́ ìyẹn ò ba opó jẹ́. Wọlé.”

Ọ̀gá mi á rẹ́rìn-ín láti inú yàrá. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ̀rín tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ènìyàn búburú ni Àlájà. Mo máa ń rí i lórí ẹní ìkírun lẹ́yìn tí ó bá ti kírun tán, tí yóò fi híjáàbù bo ojú, tí èjìká rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Àbúrò rẹ̀ ni ó kú. Ṣíṣọ́ tí ó ń ṣọ́ opó yìí ni ó fi ń ṣe ìtọ́jú àbúrò náà, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ó tún lè ṣe fún un.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà fìdáù, wọ́n pín aṣọ òkú. Àwọn agbádá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn bàtà lọ sọ́dọ̀ ọkọ Fàthíà. Ẹ̀wù kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni kò mú: ẹ̀wù kákí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, tí ìgúnpá rẹ̀ ti ya, tí a kò sì tíì fọ̀. Ọ̀gá mi ká a, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Òórùn Bàbá Fàthíà wà nínú ẹ̀wù náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ sílẹ̀ ni. Bí ọ̀gá mi bá ti jí, á fi bo ojú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó lè dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Ó tó ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó pè mí wọ yàrá. Ó jókòó lórí ẹní, ẹ̀wù náà wà lórí itan rẹ̀.

“Tòún, wá. Ẹkún ti dí mi nímú. Bá mi gbọ́ ọ. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?”

Mo gbé e sí imú. Òórùn aṣọ ni, àti ti ìrọ̀rí, àti ti omijé tí ó ti gbẹ. Ní abíyá, mo rò pé mo gbọ́ nǹkan tín-ín-rín kan tí ó dà bí ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un gbọ́, kò dá mi lójú mọ́.

“Ó wà níbẹ̀, ọ̀gá.”

“Àbí o kàn ń tù mí nínú ni?”

“Rárá o, ọ̀gá. Ó wà níbẹ̀.”

Ó gba ẹ̀wù náà padà, ó gbọ́ ọ títí, ó sì mi orí. “Ó ń lọ, Tòún. Ilẹ̀ ti gba ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ wá ń gba ìyókù. Kí ọjọ́ mi tó pé, kò ní sí ohun tí ó kù níbí ju aṣọ lásán lọ.”

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti kọ̀ ọ́. Àlájà á fi ṣíbí bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i lẹ́nu, á mu ún lẹ́ẹ̀mejì, á yí ojú sí ògiri. Fàthíà wá láti Àgbàdo, ó sun ọjọ́ mẹ́ta, kò yí nǹkan padà. Ọrùn ọ̀gá mi tín-ín-rín débi pé híjáàbù rẹ̀ kò jókòó dáadáa mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé a ó sin ènìyàn méjì láàárín ọdún kan.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rò ó bóyá kí n po òórùn Bàbá Fàthíà sínú ìgò. Mo sọ fún ara mi pé òun kọ́ ni yóò fi lọ́fínńdà para, àti pé ọwọ́ rẹ̀ kò ní kan ìgò. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè dẹ́ṣẹ̀. Àwọn kan wà tí ǹ bá bi léèrè. Àfáà Zikrullah tí ó máa ń ṣáájú ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò kì í bínú sí ìbéèrè. N kò bi í. Èmi tí mo máa ń béèrè ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí ó yẹ kí n béèrè gan-an ni n kò béèrè.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pò. Fún ilẹ̀, mo mú pàṣúlì, òróró dúdú kan tí òórùn rẹ̀ dà bí ilẹ̀ abẹ́ igi tí òjò rọ̀ sí lánàá. Mo sì mú fẹ́tífà, tí wọ́n ń fún láti ara gbòǹgbò koríko kan, tí ó máa ń rùn bí gbòǹgbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tu. Fún ewé, n kò rí òróró efinrin rà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta òróró fún wa, nítorí náà mo ra ewé tútù lọ́jà, mo gbo ó, mo rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ iye ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sínú ìwé mi.

Ìpò àkọ́kọ́ rùn bí ọbẹ̀ ata. Èkejì rùn bí ọsibítù. Nínú ìkẹta, ilẹ̀ pọ̀ jù, ó dà bí sàréè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Mo dà á nù kíá. Ohun tí ó ṣì kù ni ìtutù, irú ìtutù tí ó máa ń bá Bàbá Fàthíà wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Mo wá mú òróró koóko ọba, ewé tí àwọn ènìyàn máa ń sè bíi tíì, mo fi òróró tí kò ní òórùn là á títí ó fi rọ̀, mo kán ẹ̀kán kan ṣoṣo sí ìpò kẹrin. Mo kán èyí sórí ègé pébà, mo jáde síta lọ fa afẹ́fẹ́ sínú, mo padà wọlé. Bàbá Fàthíà dúró nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Inú àpò onísíìpù tí mo máa ń fi Bíbélì mi sí ni mo gbé ìgò náà gbà kọjá lọ́dọ̀ Àlájà. Ó gbọ́ òórùn ọwọ́ mi, ó ní kí n wọlé. Nígbà tí ọ̀gá mi lọ ṣe àlùwàlá, mo fi òwú kùn ún sí abẹ́ kọ́là ẹ̀wù náà àti abíyá rẹ̀ méjèèjì, mo tún un ká bí ó ṣe wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ni ó wá jí mi. Ojú rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó ń tàn.

“Tòún, má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ó padà wá.”

“Ta ni, ọ̀gá?”

“Òórùn rẹ̀. Òjò àná yẹn ni. Ọ̀rinrin máa ń jí òórùn tí ó ti sùn sínú aṣọ, ṣé o rántí pé mo kọ́ ọ? Mo ti rò pé ó ti tán. Kò tán, ó kàn ń sùn ni.” Ó di ọwọ́ mi mú. “Ṣé mọ́ínmọ́ín kò sí nílé yìí ni?”

Ó jẹ mọ́ínmọ́ín méjì. Àlájà wo àwo, ó wo òkè, ó ní Alihamudulilai. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi, tí ó lè fi imú ya òróró mẹ́wàá sọ́tọ̀ nínú ìgò kan, ṣe fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe àlàyé irọ́ mi fún ara rẹ̀. Inú mi dùn. N kò ní purọ́ nípa ìyẹn. Inú mi dùn gan-an.

Ṣùgbọ́n ewé kì í dúró. Ní ọjọ́ kejì, ó ti ń lọ, ó ń fi ilẹ̀ nìkan sílẹ̀, ọ̀gá mi á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹ̀wù náà sọ́tùn-ún sósì, á máa wá a. N ó tún un kán. Ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń bi mí léèrè nípa àwọn oníbàárà. Oṣù kan kọjá báyìí, ó di méjì. Ní gbogbo ìgbà náà, n kò fi ìgbà kan ronú nípa ohun tí mò ń kán an lé lórí.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún lórí kàlẹ́ńdà Àlájà, mo fi ìkánjú kán an ní òwúrọ̀ kan kí n tó jáde. Òwú náà tutù ju bí ó ṣe yẹ lọ. Bí mo ṣe kúrò nínú yàrá ni ọ̀gá mi wọlé láti ilé ìwẹ̀, ó gbé ẹ̀wù náà mọ́ra bí ó ti máa ń ṣe, ó dá a padà sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì bọ́ sí pálọ̀ láti kúnlẹ̀ kí Àlájà. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wọ bàtà.

“Ẹ káàárọ̀, Àlájà.”

“Káàárọ̀, ìyàwó. Ṣé o sùn—” Àlájà gbé orí sókè. Ó fa imú. “Sún mọ́ mi. Kí ni mò ń gbọ́ lára ẹ?”

“Lára tèmi kẹ̀?”

“Lára ẹ ni. Lọ́fínńdà ni.”

“Wàláhì, Àlájà, lọ́fínńdà kò kàn mí láti ọjọ́ tí—”

“Má tíì búra!” Àlájà ti dìde. “Ta lò ń fín lọ́fínńdà fún, ìyàwó? Ta ló ń bọ̀? Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún! Ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré lo ò lè ní sùúrù fún àbúrò mi?”

“Mo fi Ọlọ́run tí ó gba ẹ̀mí ọkọ mi búra. N kò fọwọ́ kan lọ́fínńdà.”

Àlájà kọjá lára rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó sì gbé ìrọ̀rí kúrò. Nígbà tí ó jáde, ẹ̀wù kákí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

“Ẹ̀wù Ọláyíwọlá. Ẹ̀wù àbúrò mi lò ń kùn ní lọ́fínńdà?”

“Òórùn rẹ̀ nìyẹn, Àlájà! Báyìí ló ṣe máa ń rùn. Ẹ mọ̀ pé inú ewé ló ti ń ṣiṣẹ́.”

“Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ṣé o gbọ́? Kí o tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá, ẹ̀yìn mi yìí ló ń tọ̀ sí. Mo mọ òórùn àbúrò mi. Inú ìgò ni èyí ti wá.”

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ sùn tì í fún ọdún mẹ́rìnlélógún!”

Ó dà bí ẹni pé Àlájà gba ìgbátí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. “Ó dáa. N ó pe Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. N ó pe Ìyá Àdínnì. N ó ní kí gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù wá gbọ́ òórùn opó tí ń fi Ọlọ́run búra èké, kí Fàthíà náà sì gbọ́ ọ nílé ọkọ rẹ̀.”

Ọ̀gá mi ṣì wà lórí eékún. Ó wò yíká, ojú rẹ̀ bá mi lẹ́nu ọ̀nà, mo sì rí i tí ara rẹ̀ rọ̀.

“Tòún. Ọlọ́run ṣeun tí o kò tíì lọ. Àlájà, imú ọmọ yìí mọ́, èmi ni mo kọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta ló fi ń ṣílẹ̀kùn fún Bàbá Fàthíà. Kì í purọ́. Kódà ó máa ń bẹ̀rù kí ó má baà ṣèèṣì purọ́. Tòún, gbà á. Gbọ́ ọ, kí o sọ fún wọn.”

Àlájà na ẹ̀wù náà sí mi. Mo gbà á. N kò nílò láti gbé e sí imú.

Bí mo bá sọ pé òórùn Bàbá Fàthíà ni, bóyá Àlájà á gbà, bóyá kò ní gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà á padà sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí mo bá sọ òtítọ́, ìbúra ọ̀gá mi á mọ́, orúkọ rẹ̀ á mọ́, kò sì ní sí nǹkan kan lábẹ́ ìrọ̀rí mọ́. Mo wo ojú rẹ̀. Ó ń fi orí kì mí láyà.

“Ọ̀gá, èmi ni mo pò ó.”

“O po kí ni?”

“Òórùn náà. Èmi ni mo ń kán an sí i. Láti ìgbà tí ẹ ti ní ó ń lọ. Àlájà, wọn ò mọ̀. Mo fi Bíbélì búra, wọn ò mọ̀ rárá.”

Àlájà jókòó láìwo ẹ̀yìn. Díẹ̀ ni ó kù kí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó dìde, ó gba ẹ̀wù náà lọ́wọ́ mi, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ kẹjọ: kò fi bo ojú. Ó gbé e sí ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí imú, ó fa imú díẹ̀díẹ̀, ó gbé e kúrò, ó dúró, ó tún gbé e padà. Bí a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ni.

“Pàṣúlì,” ó wí. “Fẹ́tífà. Efinrin, sípíríìtì lo fi rẹ ẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá.”

“Nǹkan kan tún wà. Ó tutù.”

“Koóko ọba ni.”

“Ẹ̀kán mélòó?”

“Ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀gá. Mo là á kí n tó kán an.”

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. “O pò ó dáadáa. Ilẹ̀ di ewé mú.”

Ní ọdún mẹ́ta, kò tíì yìn mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kí ó gbé mi mì.

“Èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀?” ó bi mí.

Mo na ọwọ́ sí abíyá ẹ̀wù náà, mo tún fà á padà.

“Mo ní èwo ni tirẹ̀, Tòún? Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ku díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ṣì ku díẹ̀ ní abíyá. Níbo lo gbé e sí?”

Àlájà ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Ó fa ọ̀gá mi mọ́ra pẹ̀lú ẹ̀wù náà láàárín wọn, ó ń wí pé, “Ìyàwó mi, foríjì mí, foríjì mí,” ọ̀gá mi sì dúró gbagidi bí òpó, ojú rẹ̀ gbẹ, ó ń wò mí lórí èjìká Àlájà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àfáà Zikrullah wá. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹni tí kò mọ̀, àti pé ọjọ́ tí ó ti kà kò bàjẹ́. Ó ní lọ́fínńdà kò gbọdọ̀ kan ara opó, kò sì gbọdọ̀ kan aṣọ rẹ̀, kí a fọ ẹ̀wù náà. Mo lọ di ẹrù mi. Nígbà tí mo gbé e jáde, ọ̀gá mi wo báàgì náà.

“Ta ni yóò wá ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́la?” ó bi mí, ó sì kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó fọ ẹ̀wù náà, kò jẹ́ kí Àlájà tàbí èmi ràn án lọ́wọ́. Pàṣúlì kì í tètè kúrò lára aṣọ. Omi mẹ́ta ni ó fi fọ̀ ọ́, ó tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ó sá a sórí okùn. Nígbà tí ó gbẹ, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e fún Àlájà pé kí ó fi ṣe ohun tí ó bá wù ú. Àlájà gbé e lọ nígbà tí ó padà sí Ipájà. N kò mọ ohun tí ó fi ṣe, n kò sì béèrè.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún náà gùn. Ọ̀gá mi ń jẹun, nítorí Àlájà ń jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n kò béèrè nípa oníbàárà kankan. Bí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ òórùn ọwọ́ mi mọ́. Mo ṣì ń fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ̀ síbẹ̀.

Ọjọ́ tí opó pé, Fàthíà wá láti Àgbàdo pẹ̀lú aṣọ tuntun aláwọ̀ ojú ọ̀run. Wọ́n wẹ ọ̀gá mi, wọ́n lé tìróò fún un. Àlájà ti ra lọ́fínńdà òdòdó róòsì kan fúnra rẹ̀, kò rà á lọ́dọ̀ wa. Ó kùn ún sí ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó rọra ń ṣe é bí ẹni ń pa òróró sí ọmọ tuntun lára. Àwọn obìnrin mọ́sálásí kún pálọ̀, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ń ṣàwàdà pé imú Ìyá Fàthíà ti gba òmìnira. Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Nígbà tí ó ṣe, ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì fi ojú pè mí.

Ó jókòó sétí ibùsùn. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

“Tòún, ìwọ kò sunkún tó mi. Ẹkún kò dí ọ nímú. Báwo ló ṣe máa ń rùn gan-an, tí ó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀? Kì í ṣe èyí tí o pò. Òun gan-an. Sọ ọ́ fún mi, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo.”

Mo di ojú. Mo fẹ́ kí n rí i ju bí mo ṣe fẹ́ ohunkóhun rí lọ. Mo wá ilẹ̀, pàṣúlì ni ó wá. Mo wá ewé, ohun tí ó wá ni koóko ọba, tí Bàbá Fàthíà kò tà rí láyé rẹ̀. Mo mọ̀ pé òógùn wà níbẹ̀, àti ìgbẹ́ adìyẹ tí ó máa ń dà sí ìdí igi, àti bóyá ọṣẹ kan, ṣùgbọ́n orúkọ wọn nìkan ni mo rí. Imú mi kò rí wọn. Bí mo ṣe ń wá a tó, bẹ́ẹ̀ ni ìpò kẹrin ń kún ibẹ̀ tó.

“N kò rántí mọ́, ọ̀gá.”

Ó gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sí imú, ó tún gbé e kúrò.

“Èmi náà,” ó wí. “Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbìyànjú.”

Àlájà ń pè wá láti pálọ̀ pé àwọn àlejò mìíràn ti dé. Ọ̀gá mi na ọwọ́ sí mi, mo fà á dìde, a sì jáde lọ bá wọn.